Ìtàn Ìfẹ́ Nísọ̀ Obì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n ro tèmi fún yín. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ojú mi ló ní ó tó gẹ́ẹ́, mo sì gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Láàárọ̀, màá gbé àga síwájú ilé wa ní Makun, màá máa wo àwọn ọlọ́kadà bí wọ́n ṣe ń jà sí èrò, kò sì sí ìwé kankan nínú ayé yìí tí mo gbọ́dọ̀ parí. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn tó.

Ìtàn ìfẹ́ ni mo fi jẹun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ìfẹ́ ọmọ yunifásítì méjì o, ìfẹ́ ayé àtijọ́ ni: ti ọba àti amọ̀kòkò, ti jagunjagun àti ọmọ ọlọ́jà, ti ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ ìyàwó kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ tó gbọ́. A ń kọ ọ́, a ń tẹ̀ ẹ́, a ń dì í, a ń tà á, inú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní Ṣàgámù. Bí wọ́n bá bi ìyá mi ní Akaka pé, "Morẹ́nikẹ́ ńkọ́, kí ló ń ṣe?" wọ́n á ní, "Ó wà níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé." Wọ́n á wá yára yí ọ̀rọ̀ náà sí ti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi.

Bí mo ṣe débẹ̀ ò gùn. Nǹkan bí ọdún 1990 ni, mo jáde girama, kò sẹ́ni tó máa rán mi lọ síwájú, wọ́n ní Bàbá Ṣótáyọ̀ ń wá ọmọbìnrin tó mọ Yorùbá kọ. Mo lọ. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi kí n sì fi àmì sí i dáadáa. Mo kọ ọ́, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, ebi ò pa mí.

Bàbá Ṣótáyọ̀ le! Háà. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, fìlà kì í kúrò lórí wọn, ìka wọn dúdú fún yíǹkì títí dé ọrùn ọwọ́. Àwọn ni wọ́n ń kọ ìtàn náà, àwọn náà ni wọ́n ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù. Rúlà onígi kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń gbá tábìlì. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń gbá o, tábìlì ni, ṣùgbọ́n èmi ló máa ń dùn.

Lẹ́tà òjé la fi ń tẹ̀wé nígbà náà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró, kékeré, ó tutù lọ́wọ́, inú àpótí oníyàrá wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gbé. Wàá máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá máa tò wọ́n títí di gbólóhùn, gbólóhùn náà á sì kẹ̀yìn sí ọ, òdì ni wàá máa kà á. Ọjọ́ pẹ́ gan-an kí Bàbá tó gbà kí n kọ ohunkóhun. Ìtò ni mo ń tò. Èyí tó sì máa ń kọ́kọ́ tán nínú àpótí wa ni ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀, torí láyé tí à ń kọ nípa rẹ̀, ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ. "Ẹ jókòó. Ẹ jẹun. Ẹ má bínú." Bí tọkọtaya bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà nínú ìtàn, mo ti mọ̀ pé wàhálà dé. Màá lọ bá Bàbá pé lẹ́tà ti tán. Wọ́n á ní, "Ó dáa, jẹ́ kí wọ́n parí ìjà."

Nígbà tí wọ́n wá gbà kí n kọ ojú ìwé kan, mo kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Mo ní ọmọbìnrin inú ìtàn náà wí pé ìfẹ́ ń jó òun lọ́kàn bí iná inú oko. Bàbá kà á, wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí?"

"Ọmọbìnrin yẹn ni, sà."

"Ó ti jẹun?"

"Sà?"

"Láti orí kìíní ọmọ yìí ò tíì jẹun, kò tíì wẹ̀, kò tíì bá ìyá rẹ̀ jà. Ó kàn ń jó ṣáá. Ta ló ń fi ebi ṣe ìfẹ́? Lọ fún un lóúnjẹ!" Rúlà gbá tábìlì, mo gbé ìwé mi, mo jáde.

Wọ́n wá ní kí n lọ jókòó lọ́jà Makun, kí n lọ wo obìnrin tó ń bínú sí ọkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ọ́. Mo ní báwo ni màá ṣe mọ̀. Wọ́n ní, "Má wo ẹnu rẹ̀. Wo ọwọ́ rẹ̀." Mo lọ, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin aláṣọ kan. Ọkọ rẹ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó kí i dáadáa, ó rẹ́rìn-ín pàápàá, ṣùgbọ́n kò fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Orí tábìlì ló gbé e sí. Mo padà lọ ròyìn fún Bàbá. Wọ́n ní, "Kọ ìyẹn." Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti wọṣẹ́.

Àmọ́ Bàbá kọ́ ni ìdánwò tó le jù. Ìdánwò wà nísọ̀ obì Alhaja. Alhaja ń ṣòwò gbànja tí wọ́n ń kó lọ sókè ọ̀hún lọ́dọ̀ àwọn Háúsá, ìsọ̀ wọn sì kángun sí ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn obìnrin máa ń jókòó síbẹ̀ látàárọ̀, wọn á máa bó èèpo obì, wọn á máa ṣa èyí tó ní kòkòrò kúrò, wọn á máa fi ewé di èyí tó dáa. Àṣà Bàbá ni pé kò sí orí kan tó gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ tí a ò bá tíì kà á fún àwọn obìnrin yìí. Èmi ni mo ń kà á. Bí ọwọ́ wọn bá ń ṣiṣẹ́ lọ, orí náà ti kú. Bí ọwọ́ wọn bá dúró, ó dáa. Bí Alhaja bá pòṣé, kí á máa gbé e lọ sílé, ó di àtúnkọ.

Ẹ wá gbọ́ ti ìwé tó fẹ́ẹ̀ ba ayé mi jẹ́.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wa ni Olóyè kan, n ò ní dárúkọ wọn. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni wọ́n jẹ́ sí Bàbá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún wọn. Ìyàwó wọn ti kú, àgbà ti ń dé sí wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì lawọ́. Bí bébà ṣe wọ́n gógó láyé ìgbà náà, Olóyè ní àwọn á pèsè bébà tí a bá lè kọ ìtàn bàbá ńlá wọn kan tó jọba láyé ọjọ́un, tó gbẹ́sẹ̀ lé ọmọbìnrin amọ̀kòkò kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀ ọ́n: bí ọba bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, wọ́n á ní ó ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó parí. Bàbá ọmọ náà ò ní rí ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ náà ò sì ní lọ́kọ míì mọ́.

"Ẹ kọ ọ́ kó dùn o," Olóyè ní. "Ààyò ni Àbẹ̀kẹ́. Ó fẹ́ràn bàbá ńlá wa dénú."

Látìgbà náà ni Olóyè ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lemọ́lemọ́. Bí wọ́n bá dé, màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," màá fún wọn lómi. Wọ́n á bi mí léèrè ìyá mi, màá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan wọ́n mú aṣọ àǹkárá wá fún mi nínú ọ̀rá, mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà. Olúwa á pèsè." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. Mo gbé ọ̀rá náà sórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yíǹkì.

Ìgbà tí mo padà lọ sí Akaka ni mo gbọ́ pé Olóyè ti débẹ̀ tiṣu tiyọ̀, wọ́n wá tọrọ mi. Ìyá mi ń jó nínú ilé.

"Orí rẹ gbé ọ, Morẹ́nikẹ́!"

"Màámi, ta ló ní mo fẹ́ wọn?"

"Olóyè ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá dé lo máa ń kúnlẹ̀ tí o máa ń rẹ́rìn-ín. Ní tàwọn, o ti gbà."

"Ṣé kí n nàró lé wọn lórí ni?"

"Má dá mi lóhùn báyẹn. Ojú ń tì ọ́ ni, bó ṣe ń ṣe wá nígbà tiwa náà nìyẹn."

Ẹ ò rí i? Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní mo ti gbà. Bí mo bá ní n ò fẹ́, wọ́n á ní ojú ló ń tì mí. Inú Bàbá Ṣótáyọ̀ gan-an dùn, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù á di tèmi lọ́la. N ò sùn dáadáa mọ́. Bí mo bá kọ Olóyè, àfàìmọ̀ kí Bàbá má pàdánù ṣọ́ọ̀bù. Níbo ni arúgbó á gbé ẹ̀rọ tó wúwo tó yẹn lọ? Bí mo bá sì gbà, ayé tèmi ló lọ.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo lọ ka orí kan fún àwọn obìnrin nísọ̀ obì. Nínú orí náà, wọ́n mú Àbẹ̀kẹ́ wọ ààfin ní òwúrọ̀, nígbà tó fi máa dalẹ́, ọkàn rẹ̀ ti yọ́ sí Kábíyèsí. Mo ń kà á, wọ́n ń bó obì lọ. Mo kà á dé ìdajì, Alhaja pòṣé.

"Ìṣíhùn dà?"

Mo ní, "Mà?"

"Ìṣíhùn! Ṣebí kí wọ́n tó fa ìyàwó, wọ́n gbọ́dọ̀ bi í, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Títí kan àwa tí bàbá wa yan ọkọ fún, wọ́n ṣì bi wá níṣojú ẹbí. Ta ló bi Àbẹ̀kẹ́? Ẹ gbé e wọlé láàárọ̀, ó dalẹ́ ẹ ní ó ti fẹ́ràn. Kí ló fẹ́ràn? Ògiri ààfin?"

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, obì ń yí kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Èmi nìkan ni n ò rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi sórí ìwé. Alhaja rí mi. Wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fà mí mọ́ra.

"Morẹ́nikẹ́," wọ́n ní, "ta ló gbẹ́sẹ̀ lé ìwọ?"

Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní bá mi sọ ọ́, ẹnu tèmi ló máa sọ ọ́. Mo ní n ò lè ṣe é láéláé.

Bàbá ní ó di ẹ̀yìn orí ìkẹyìn kí àwọn tó tún orí tí Alhaja pòṣé sí kọ. Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ ka orí ìkẹyìn náà nísọ̀ obì kí a tó tẹ̀ ẹ́ ni ìjì jà. Ọ̀sán gangan ni. Páànù ṣí kúrò lórí wa, òjò wọlé bí ẹni tí wọ́n pè, pẹpẹ ibi tí a to orí ìkẹyìn sí wó lulẹ̀ gbì! Lẹ́tà òjé fọ́n káàkiri ilẹ̀, wọ́n wọ inú ẹrẹ̀. Ìwé tí Bàbá fọwọ́ kọ di ẹ̀kọ lọ́wọ́ wa. Bàbá jókòó sórí àpótí, wọ́n ṣí fìlà. Mi ò rí orí wọn rí. Ewú ti gbà á tán.

A ṣa lẹ́tà nínú ẹrẹ̀, a fọ̀ wọ́n, a sá wọn sóòrùn. Mo kó gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ kejì sílẹ̀, mo nù wọ́n, mo tún kó wọn padà. Bàbá wá ní orí náà ṣì wà nínú orí àwọn, kí n mú bírò, kí n máa kọ bí àwọn bá ṣe ń pè é. Mo jókòó. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́ wo Kábíyèsí lójú. Ó ní, olówó orí mi, láti ọjọ́ tí ẹ ti mú mi wá ni mo ti fẹ́ràn yín..."

Ọwọ́ mi dúró.

"Kí ló dé? Kọ ọ́."

"Bàbá, n ò lè kọ ọ́."

Wọ́n gbé rúlà sókè. "Nítorí kí ni?"

"Nítorí kò sẹ́ni tó bi í, sà. Kò sì sẹ́ni tó bi èmi náà."

Rúlà náà ò balẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wò mí. "O ò fẹ́ Olóyè?"

"N ò fẹ́ wọn, sà."

"Ṣùgbọ́n o máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn. O máa ń kúnlẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má wo ẹnu, kí n wo ọwọ́. Aṣọ tí wọ́n fún mi, ẹ wo ibi tó wà."

Bàbá yíjú sí pẹpẹ. Ọ̀rá náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àǹkárá nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní síso, n ò tú u rí. Bàbá wò ó pẹ́. Ojú tì wọ́n, mo rí i. Wọ́n gbé rúlà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Kọ orí yẹn bó ṣe yẹ kó rí. Olóyè á wá gbọ́ ọ nísọ̀ obì."

"Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, sà?"

"Mo ní kí o kọ ọ́!"

Mo kọ ọ́. Ọjọ́ tí mo kà á, Olóyè jókòó lórí àga tí Alhaja fi aṣọ nù fún wọn. Mo kà á pé Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ọba, ó ní, "Kábíyèsí, láti ọjọ́ tí ẹ ti mú mi wá, kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ bi mí." Ọba rẹ́rìn-ín, ó bi í. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Rárá." Ọba sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Ó wá ní, "Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò." Àbẹ̀kẹ́ dìde, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ, ó lọ po amọ̀.

Mo gbójú sókè. Ọwọ́ gbogbo àwọn obìnrin náà ti dúró. Ẹ lè gbọ́ bí ewé ṣe ń dún.

Alhaja ní, "Hẹn-ẹn. Ó ti ṣíhùn wàyí."

Olóyè ò wò wọ́n. Èmi ni wọ́n ń wò. "Morẹ́nikẹ́," wọ́n ní, ohùn wọn lọ sílẹ̀, "èmi náà ò bi ọ́, àbí?"

"Ẹ ò bi mí, sà."

"Mo wá bi ọ́ báyìí. Ṣé o fẹ́ mi?"

Orúnkún mi fẹ́ tẹ̀ láti kúnlẹ̀. N ò jẹ́ kó tẹ̀. Mo nàró gbọnrangandan. Mo ní, "N ò fẹ́ yín, sà. Ẹ jọ̀ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an, ṣùgbọ́n n ò fẹ́ yín."

Olóyè dìde, wọ́n ká agbádá sí èjìká. "Ṣótáyọ̀, ìwọ lo kọ́ ọ báyìí?"

Bàbá ní, "Òun ló kọ́ mi, Olóyè."

Olóyè bá tiwọn lọ.

Ẹ̀yin èèyàn, ìdúró tí a dúró lẹ́yìn ìyẹn! Gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, àyà mi á já. Ìyá mi ní n ò gbọ́dọ̀ dé Akaka fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn káfíńtà dé pẹ̀lú àkàbà. Mo ní ó ti dé, wọ́n fẹ́ tú wa ká. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́tà sínú àpótí. Ọ̀gá káfíńtà ní, "Àǹtí, kí lẹ ń kó? Olóyè ní ká wá tún òrùlé yín ṣe ni." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo mí kanlẹ̀, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Mo fi aṣọ náà rán wọn padà sí Olóyè. Olóyè tún fi í ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ìbéèrè. Ìgbà yẹn ni mo tó rán an, ó sì yẹ mí.

Kì í ṣe pé inú Olóyè dùn o. Wọn ò fún wa ní bébà mọ́, wọ́n ní ká yọ orúkọ bàbá ńlá àwọn kúrò nínú ìwé, wọn ò sì yà sọ́dọ̀ wa fún ìgbà pípẹ́. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin nísọ̀ obì gbé e dé ibi tí a ò rò, àwọn tíṣà ń kà á, àwọn ìyá ọlọ́jà ń rán ọmọ wọn kà á fún wọn. Láti ìgbà náà ni n ò ti kọ ìtàn ìfẹ́ kan tí wọn ò ti bi obìnrin inú rẹ̀ léèrè.

Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà dé. Bàbá kórìíra rẹ̀. Kò mọ àmì kankan fi sábẹ́ lẹ́tà, bírò la fi ń sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó gbé e lọ fún ẹ̀rọ. Bàbá á ní, "Ẹ̀rọ tí kò mọ ẹ, ẹ ní ó gbọ́n?" Kí ọ̀rúndún tó yí ni wọ́n kú, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, Olóyè sì fọwọ́ sí i. Mo ṣe é títí ojú fi ní ó tó.

Ọkọ mi? Tíṣà kan láti Ìlárá ni, tó máa ń gbé ìbéèrè ìdánwò wá fún wa tẹ̀. Ó bi mí, mo ní rárá, mo fẹ́ wo ohun tó máa ṣe. Ó ní, "Ó dáa, Àǹtí," ó gba ìwé rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó tún padà wá, ìdánwò nìkan ló mú wá, kò yọ mí lẹ́nu rárá. Èmi ni mo pè é padà lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ wá ibi tí wọ́n á ti máa pòṣé sí yín. Ìyẹn ló ṣòro jù láti rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ìyàwó Bàbá, Ìyá Táyọ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oúnjẹ ni wọ́n máa ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé e sílẹ̀, wọ́n á lọ. Lẹ́yìn tí a sin Bàbá, mo lọ jókòó tì wọ́n. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni mo kàwé kan fún Olóyè nísọ̀ obì. Mo sọ fún wọn.

"Ọjọ́ yẹn ni," wọ́n ní. "Bàbá yín dé lọ́sàn-án, kì í dé lọ́sàn-án. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó ti ṣí fìlà. Ó ní, 'Ìyá Táyọ̀, ṣé o fẹ́ mi?' Mo ní ṣé ara rẹ̀ ò yá ni. Ó ní òun ò bi mí rí. Òótọ́ ni, kò bi mí rí. Iwájú ẹbí ni wọ́n ti bi mí, bàbá mi ló bá mi dáhùn."

"Kí lẹ wá sọ, Màámi?"

"Mo ní kó wá jẹun ná. Ó ní òun ò ní jẹun, àfi kí n dáhùn." Ìyá Táyọ̀ fi etí ìró nu ojú, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo jẹ́ kí ebi pa á díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní mo fẹ́ ẹ. Ó jókòó, ó jẹun tán, ó tún ní kí n bu sí i."